Ojú lọ̀rọ̀ wà: bí fíìmù Morocco ṣe dáyé

Lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fi The Blue Angel han àwọn ará Berlin, ní oṣù kẹrin ọdún 1930, ni òṣèré rẹ̀, Marlene Dietrich, gbéra lọ sí Amẹ́ríkà. Josef von Sternberg tó darí fíìmù náà ti ṣáájú rẹ̀ padà sí Hollywood. Ìwé ìtàn kan tí Dietrich fún un, Amy Jolly tí Benno Vigny kọ, wà nínú ẹrù rẹ̀. Inú ìwé yẹn ni Morocco ti jáde.

Ìtàn náà kò lọ́jú pọ̀. Amy, akọrin ilé ijó tí Dietrich ṣe, dé Mòrókò. Sójà kan, Tom Brown, tí Gary Cooper ṣe, kò ní kọ́bọ̀, ó sì ń kó obìnrin kiri. La Bessière, tí Adolphe Menjou ṣe, lówó bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ó sì fẹ́ fi Amy ṣaya. Ká ní ìyá Amy wà nítòsí ni, a mọ èyí tí ìbá ní kó fẹ́.

Ohùn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ sinimá nígbà náà, àwọn ilé iṣẹ́ sì ń rọ ọ̀rọ̀ kún fíìmù wọn. Ahọ́n Jámánì ni Dietrich fi ń sọ Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré bíi "help" kọ̀, kò yọ lẹ́nu rẹ̀ bó ṣe yẹ; àtúnṣe lórí àtúnṣe ni Sternberg ń mú un ṣe. Ibi tí mo ti gba ti ọkùnrin yìí ni pé ó dín ọ̀rọ̀ kù, ó fi iṣẹ́ lé iná àti òjìji lọ́wọ́.

Ẹ wo ibi tí Amy ti ń kọrin. Kóòtù ọkùnrin àti fìlà gogoro ló wọ̀ jáde. Ó gba òdòdó lọ́wọ́ obìnrin kan, ó fẹnu kò ó lẹ́nu, ó sì ju òdòdó náà sí Brown. Kò ní òun fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni kò gbọ́? Níbi àsè La Bessière, ó gbọ́ ìlù àwọn ọmọ ogun tó ń padà bọ̀. Ó dìde, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀ já, ó fọ́n ká. Nígbẹ̀yìn, ó bọ́ bàtà rẹ̀ sínú yanrìn, ó tọ àwọn sójà lẹ́yìn wọ aṣálẹ̀. Kò sí orin níbẹ̀, àfi ìlù tó ń jìnnà lọ àti afẹ́fẹ́. (California ni yanrìn ọ̀hún wà ní tòótọ́.)

Ilé iṣẹ́ Paramount gbé fíìmù náà jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 1930. Wọ́n dárúkọ Dietrich fún ẹ̀bùn Oscar, ìgbà kan ṣoṣo láyé rẹ̀, kò sì gbà á. Ní 1931, Morocco di fíìmù olóhùn àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ èdè Japan sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fún àwọn òǹwòran ibẹ̀. Kò ní yà mí lẹ́nu bí iṣẹ́ ẹni tó kọ ọ́ bá dẹrùn.