Iná Tí Ń Jó Apá Kan Ara

Ẹni tí ó ń yan ẹja ní Sèmè-Kpodji mọ ohun tí iná ń jẹ́. Ṣùgbọ́n iná kan wà tí kì í ti inú ààrò wá. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni yóò ti máa ta ènìyàn, bí ẹni pé wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gbígbóná gún un. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, róro olómi wẹ́wẹ́ yóò tò síbẹ̀ bí ìgbànú. Bí ó bá mú ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, kì í sábà dé òsì.

Àwọn kan a máa pè é ní ọfà ọ̀tá. Wọn a lọ ewé lé e, wọn a sì máa retí. Àwọn oníṣègùn ń pè é ní zona, wọ́n sì mọ ibi tí ó ti ń wá. Ẹni tí varicelle mú ní kékeré, àrùn tí í da róro olómi bo gbogbo ara, a rò pé ó ti lọ. Kò lọ. Kòkòrò rẹ̀ sá pamọ́ sínú iṣan ìmọ̀lára lẹ́bàá ọ̀pá ẹ̀yìn, ó sì sùn síbẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Àwọn ọmọ ogun ara ni ó ń ṣọ́ ọ. Ní ọjọ́ tí ó bá rẹ̀ wọ́n, yóò jí, yóò sì gba ojú iṣan kan jáde. Ìdí nìyí tí ó fi ń mọ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ogbó lè sọ àwọn ọmọ ogun náà di aláìlágbára. Àrùn jẹjẹrẹ náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí zona bá mú ẹni tí kò tíì pé ẹni àádọ́ta ọdún, oníṣègùn yóò fẹ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò bóyá kòkòrò sídà wà níbẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀sùn. Ọ̀pọ̀ ẹni tí zona mú ni kò ní sídà rárá. Àmọ́ ẹni tí ó ní in lè máà mọ̀, nítorí ó ṣì ń ru ẹrù, ó ṣì ń ná ọjà ẹnubodè Kraké. Zona sì lè jẹ́ àmì àkọ́kọ́.

Ọdún 1985 ni wọ́n kọ́kọ́ rí sídà ní Bẹ̀nẹ̀. Kò sí oògùn rẹ̀ nígbà náà. Lónìí oògùn wà, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹni tí ó bá ń lò ó déédéé, àwọn ọmọ ogun ara rẹ̀ yóò tún lágbára. Ìtìjú ni ó kù, ìtìjú kì í sì í ṣe ohun kékeré ní àdúgbò tí gbogbo ènìyàn ti mọ ara wọn. Ẹni tí ojú bá ń tì lè wọ ọkọ̀ lọ ṣe àyẹ̀wò ní Àjàṣẹ́ tàbí ní Kútọnu.

Zona fúnra rẹ̀ ní oògùn, ṣùgbọ́n láàárín ọjọ́ mẹ́ta tí róro bá yọ ni oògùn náà ń ṣiṣẹ́ jù lọ. Bí ó bá yọ sí iwájú orí tàbí ṣóńṣó imú, kí a má ṣe jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú kí a tó dé ilé ìwòsàn: ó lè fọ́ ojú. Nínú ara tí kò lágbára mọ́, ó lè dé ọpọlọ. Kí a fi aṣọ mímọ́ bo róro náà títí yóò fi gbẹ, kí aláboyún àti ọmọdé tí varicelle kò mú rí má ṣe fara kàn án.