Òfàfà, Ẹran Orí Igi Tó Ń Gbó Lóru

Ẹni tó bá ti sùn ní abà oko kòkó tó súnmọ́ igbó rí, ó ṣeé ṣe kó ti gbọ́ igbe òfàfà. Á kọ́kọ́ máa ró bí ẹni ń mi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà á wá di gbígbó bí ajá. Ẹni tí kò bá rí i rí á rò pé ẹranko ńlá ni. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò tó kílò 5.

Ní ọdún 2021 ni àwọn onímọ̀ ẹranko kan, tí John Oates àti Rachel Ikemeh ọmọ Nàìjíríà wà nínú wọn, kọ ọ́ sílẹ̀ pé òfàfà tiwa yìí jẹ́ ẹ̀yà ọ̀tọ̀. Àárín odò Ọya àti odò Volta ti ilẹ̀ Gánà nìkan ló wà. Bí ẹ bá sọdá Ọya sí ìlà-oòrùn, òfàfà tibẹ̀ kì í gbó, ńṣe ló máa ń han. Ohùn yìí wà lára ohun tí wọ́n fi dá tiwa mọ̀. Ìyẹn ni pé bó bá tán nínú igbó wa àti ti Bìnì, Tógò àti Gánà, kò sí ibòmíràn láyé tí a tún ti lè rí i.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kà á mọ́ eku tàbí ọ̀kẹ́rẹ́. Rárá o, ìbátan erin ni! Ẹ wo èékánná rẹ̀ bó ṣe pẹlẹbẹ, àti eyín òkè méjì tó yọ gùn. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ rọ̀ bíi rọ́bà, ó sì máa ń tutù, òun ló fi ń lẹ̀ mọ́ igi tó bá ń gùn ún. Ìrù rẹ̀ kúrú débi pé ẹ lè ní kò ní.

Ewé ló ń jẹ jù, pẹ̀lú èso igbó àti ọ̀mùnú igi. Nítorí náà, bí ẹ bá rí kòkó tí eyín ti gé jẹ, ọ̀kẹ́rẹ́, eku tàbí ọ̀bọ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Ohun tó ń dín in kù ni bíbí. Ọ̀yà máa ń lóyún oṣù 5, ó sì lè bí ọmọ 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan. Òfàfà máa ń gbé oyún ju oṣù 7 lọ, ọmọ kan ló sì sábà máa ń bí, bóyá méjì. Ọdẹ tó bá pa abo méjì lóru kan ti kó ọmọ ọdún púpọ̀ lọ. Igbe rẹ̀ yẹn gan-an ló sì ń júwe rẹ̀ fún ọdẹ. Mo mọ̀ pé ẹran ìgbẹ́ dùn lọ́bẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀yà ṣeé sìn nínú ilé, òfàfà kò rí bẹ́ẹ̀.

Èkejì ni igi. Òfàfà kò lè gbẹ́ ihò fúnra rẹ̀. Inú ihò igi tó ti dàgbà, bí àràbà, ìrókò tàbí afàrá, ló máa ń sùn sí lọ́sàn-án. Irú igi bẹ́ẹ̀ la sì kọ́kọ́ máa ń gé bí a bá ń ṣán oko tuntun, nítorí pé a rò pé kò wúlò fún pákó mọ́. Kòkó kékeré nílò ìbòòji, ẹ jẹ́ kí díẹ̀ nínú wọn dúró. Èyí tó bá fì sórí abà tàbí ọ̀nà, ẹ gé e o, ẹ̀mí èèyàn ṣe pàtàkì jù.

Kí ẹ tó gé èyíkéyìí, ẹ wo ìdí rẹ̀. Ojú kan náà ni òfàfà máa ń yàgbẹ́ sí, ìgbẹ́ náà á sì gbá jọ sí ìdí igi. Bí ẹ bá rí i, ẹ fi igi yẹn sílẹ̀, kí ẹ má sì fi iná sí ihò rẹ̀ láti lé ẹran jáde. Iná inú ihò kì í tètè kú, igi náà sì lè wó lu kòkó yín lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan.