Bakitéríà Inú Iyàrá Àìléèérí àti Kòkòrò tí Oògùn kò Ràn

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2011 ni wọ́n fi NigeriaSat-X ránṣẹ́ sójú sánmà. Àwọn ẹnjiníà ọmọ Nàìjíríà ni ó to sátẹ́láìtì náà pọ̀ ní Guildford, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Inú iyàrá àìléèérí ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ń wáyé. Asẹ́ ni atẹ́gùn ibẹ̀ ń gbà wọlé. Òṣìṣẹ́ á wọ aṣọ tí ó bò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Oògùn apakòkòrò ni wọ́n fi ń nu ilẹ̀. Eruku ni wọ́n ń sá fún. Ní ti ọkọ̀ tí yóò balẹ̀ sí Máàsì, wọn kò fẹ́ kí ó gbé kòkòrò ayé yìí lọ síbẹ̀.

Síbẹ̀, bakitéríà kò tán níbẹ̀. Ọdún 2013 ni àwọn onímọ̀ fún ọ̀kan ní orúkọ, Tersicoccus phoenicis. Iyàrá àìléèérí méjì péré ni wọ́n ti rí i nígbà náà: ọ̀kan ní Florida, èkejì ní Kourou ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Kí ló fà á? Àgbẹ̀ Òkè-Ògùn tí ó ń fi oògùn apakoríko kan náà fín oko lọ́dọọdún mọ ìdáhùn rẹ̀: koríko tí kò lágbára a kú, èyí tí ó yigbì a gba gbogbo ilẹ̀. Ìwádìí tí àwọn onímọ̀ ní Graz, ní Austria, tẹ̀ jáde lọ́dún 2019 fi hàn pé níbi tí ìmọ́tótó ti le jù, irú bakitéríà dín kù, ṣùgbọ́n àbùdá tí ń mú wọn borí oògùn pọ̀ sí i.

Kìṣí kò ní irú iyàrá bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni kòkòrò ń gbà le níbẹ̀. Ẹni tí ó ra kápúsù mẹ́rin lọ́dọ̀ olóògùn, tí ó sì dá a dúró nígbà tí ara fúyẹ́, pa àwọn aláìlágbára, ó sì dá àwọn alágbára sí. (Ampicillin tí àwọn mìíràn ń lò sí ibà kò tilẹ̀ kan kòkòrò ibà, ibà kì í ṣe àrùn bakitéríà.) Bẹ́ẹ̀ náà ni abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún fún màlúù láìwọn ìwọ̀n rẹ̀. Èyí tí ó burú jù ni pé bakitéríà lè fún ẹlòmíràn ní àbùdá yìí, kódà bí wọn kì í bá ṣe ẹ̀yà kan náà. Kòkòrò tí kò ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi lè tipa bẹ́ẹ̀ fi agbára rẹ̀ lé èyí tí ń fa òtútù àyà ọmọdé lọ́wọ́.