Àtíbàbà Ẹlẹ́mu ní Ilé-Ifẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àṣejù ni baba àṣetẹ́. Bí ẹnì kan bá sọ pé ìsọ̀ ẹlẹ́mu ni òun ti kọ́ ìtumọ̀ òwe yìí, ó ṣeé ṣe kí àwọn ènìyàn fi í rẹ́rìn-ín, nítorí pé ibi tí ọ̀mùtí ti ń gbàgbé ìṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ka irú ibẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fi ojú ara mi rí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní Ilé-Ifẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa, kí ẹ lè bá mi gbé e yẹ̀wò.

Iṣẹ́ kan ni ó gbé mi lọ sí yunifásítì ìlú náà. Nígbà tí mo parí rẹ̀, ọ̀rẹ́ mi kan tí ó jẹ́ olùkọ́ níbẹ̀ mú mi lọ sí ibi tí ó ti máa ń sinmi. Kò sí àkọlé kankan níbẹ̀. Àtíbàbà lásán ni. Igi mẹ́rin ni ó gbé e ró, imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n fi bò ó, àga gbọọrọ mẹ́ta tí ìjókòó ọjọ́ pípẹ́ ti mú kí ó máa dán sì wà lábẹ́ rẹ̀. Kò sí iná mànàmáná, kò sí ẹ̀rọ orin, kò sì sí ohun tí ń mú ọtí tutù. Orí àpótí ni ìyá tí ó ni ibẹ̀ jókòó sí, kẹ́ẹ̀gì ẹmu méjì wà níwájú rẹ̀, ìkòkò ẹran ìgbẹ́ sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá Ẹlẹ́mu ni tọmọdé tàgbà ń pè é.

Bí a ti wọlé ni akẹ́kọ̀ọ́ kan dìde, tí ó sì fi àyè sílẹ̀ fún wa kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún un. Ìyá náà bu ẹmu díẹ̀ sínú ahá, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì kọ́kọ́ mu ún, kí ọkàn ẹni tí yóò mu lè balẹ̀. Ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ kéré jù ni ó gba iṣẹ́ bíbu ẹmu fún gbogbo ilé. Ọwọ́ méjèèjì ni ó fi ń gbé e fún àgbà. Bàbá àgbẹ̀ kan tí ó jókòó ní ìkángun ta díẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tí ó ti lọ kí ó tó fi kan ẹnu. Kò sí ìwé òfin lára igi, kò sì sí ọlọ́pàá lẹ́nu ọ̀nà, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó ṣìṣe.

Èyí kò yani lẹ́nu, nítorí pé ẹmu fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun tí a lè fi ojú kékeré wò. Ní kùtùkùtù ni adẹ́mu máa ń fi igbà gun ọ̀pẹ, a sì tún padà gùn ún ní ìrọ̀lẹ́. Omi ọ̀pẹ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kán sínú akèrègbè a máa dùn lẹ́nu bí oyin, ṣùgbọ́n ìwúkàrà tí ó wà nínú afẹ́fẹ́ àti lára akèrègbè kì í jẹ́ kí ó pẹ́ bẹ́ẹ̀. Láàárín wákàtí díẹ̀, yóò ti máa hó, yóò sì máa le sí i. Bí ó bá fi di ọjọ́ kejì, ó ti kan. Nítorí náà, ẹlẹ́mu tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ní láti mọ agbára ohun tí ó ń tà ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, kí ó sì mọ ẹni tí ó ń tà á fún.

Ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹmu kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀. Ní ọdún 1962, nígbà tí Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ Palm Wine Drinkards' Club sílẹ̀, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Kegites. Orúkọ náà rán ni létí ìwé The Palm-Wine Drinkard tí Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta, gbé jáde ní ọdún 1952. Yunifásítì náà kó wá sí Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1967; ní ọdún 1987 ni a sọ ọ́ ní Yunifásítì Obáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ẹgbẹ́ náà ti tàn dé ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, tìlù torin taṣọ ìbílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí àtíbàbà wa. Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ti mu ife méjì na owó sí ìyá náà pé kí ó bu ẹ̀kẹta fún òun. Ìyá dé ẹnu kẹ́ẹ̀gì rẹ̀.

"Ọmọ mi, ìwọ fúnra rẹ ni o sọ fún mi lánàá pé ọ̀la ni ìdánwò àṣekágbá rẹ. N kò ta mọ́."

"Ìyá, ṣé owó tèmi kì í ṣe owó ni?"

"Owó ni. Mú un lọ sílé."

Gbogbo ilé dákẹ́. Bàbá àgbẹ̀ ni ó wí jẹ́jẹ́ pé, "Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́, ọmọ mi." Ọ̀dọ́mọkùnrin náà bínú, ó jáde láìkí ẹnikẹ́ni, ó sì sọdá títì lọ sí ìsọ̀ kékeré kan tí wọ́n ti ń ta ọtí líle inú ọ̀rá. Ẹni tí ó wà níbẹ̀ gba owó, ó na ọ̀rá náà sí i, kò tilẹ̀ gbójú sókè wo ẹni tí ó ń tà á fún.

Ọ̀rẹ́ mi gbé ahá rẹ̀ sílẹ̀ láìmu ún tán. Ó sọdá títì, ó fi ọwọ́ lé ọmọ náà léjìká, mo sì rí i tí àwọn méjèèjì jọ ń rìn lọ sí ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́. N kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n ọ̀rá náà ti wà lọ́wọ́ olùkọ́.

Mo sọ fún Ìyá Ẹlẹ́mu pé ó pàdánù owó. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Bí ẹmu yìí bá kan lọ́la, àdánù tèmi nìyẹn. Bí ọ̀la ọmọ yẹn bá kan, kí ni ìyá rẹ̀ yóò fi í ṣe?"

Ìtàn àtayébáyé kan ni ó sọ sí mi lọ́kàn nígbà tí mo ń lọ sílé. Wọ́n ní Ọbàtálá ni Olódùmarè kọ́kọ́ rán wá láti dá ilẹ̀ ayé. Lójú ọ̀nà ni ó ti mu ẹmu yó, tí oorun gbé e lọ, tí Odùduwà sì gba iṣẹ́ náà ṣe ní Ifẹ̀. Títí di òní ni ẹmu jẹ́ èèwọ̀ fún àwọn olùsìn Ọbàtálá. Ohun tí mo rí dì mú nínú ìtàn náà ni pé iṣẹ́ ń bẹ lọ́wọ́ ẹni tí ó mu ún, kò sì sí ẹni tí ó jókòó tì í tí yóò sọ fún un pé ó tó.

N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni lọ máa mu ẹmu o. Ẹ̀sìn ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fàyè gbà á, ara ẹlòmíràn kò sì gbà á. Ohun tí mo ń sọ ni pé àwọn baba wa kò dá ọtí sílẹ̀ láìfi àgbà tì í. Níbi tí a bá ti ń ta á láìmọ orúkọ ẹni tí ń rà á, òfin ti kúrò níbẹ̀, bí ibẹ̀ tilẹ̀ ní iná àti àga olówó iyebíye. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin òbí, títì kan ṣoṣo ni ó wà láàárín àtíbàbà àti ìsọ̀ kejì. Ẹ jẹ́ kí a máa sọdá rẹ̀.