Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣubú ló yẹ kí fásitì ti mọ̀: Ẹ̀kọ́ láti Georgia State

Ọ̀pọ̀ òbí ló wà nílẹ̀ yìí tó ti ta kòkó, tó ti ta ilẹ̀, tó sì ti bẹ̀bẹ̀ gba àjọ tí kò ì kàn án, kí ọmọ rẹ̀ lè kàwé dé fásitì. Ọdún kìíní á kọjá, ìkejì á tẹ̀lé e, àwọn ará ilé á sì ti máa sọ̀rọ̀ aṣọ tí wọn yóò rà fún ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde. Àfi lọ́jọ́ kan tí wọ́n á gbọ́ pé ọmọ náà kò sí nílé-ìwé mọ́, pé ó ti pẹ́ tí orúkọ rẹ̀ ti kúrò nínú ìwé. Ìbéèrè tí irú òbí bẹ́ẹ̀ máa ń béèrè ni pé, ṣé kò sí ẹnì kan nínú gbogbo ọgbà fásitì náà tó rí i pé ọmọ òun ń ṣubú lọ ni?

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé wọ́n rí i, ṣùgbọ́n apá kọ̀ọ̀kan ni kálukú rí. Olùkọ́ mọ̀ pé ọmọ náà kì í wá sí kíláàsì mọ́. Ọ́fíìsì akápò mọ̀ pé ó jẹ owó. Àwọn tó ń tọ́jú èsì ìdánwò mọ̀ pé ó fìdí rẹmi nínú ìṣirò. Àwọn alábòójútó ilé-gbígbé mọ̀ pé ó ti kó ẹrù rẹ̀ jáde. Kò sí ẹni tó kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pa pọ̀, tó wá sọ pé, "Ẹ bá wa pe ọmọ yìí wá." Iṣẹ́ kíkó ohun tí gbogbo ọ́fíìsì mọ̀ pa pọ̀, kí àwọn aláṣẹ lè fi mọ ìgbésẹ̀ tó yẹ kí wọ́n gbé, ni àwọn òyìnbó ń pè ní business intelligence. Àwọn báńkì àti ilé-iṣẹ́ ńlá ti ń lò ó tipẹ́, kó tó wọ ọgbà fásitì.

Bí orúkọ náà bá le lẹ́nu, ẹ wo alájọ àdúgbò yín. Káàdì ẹnì kọ̀ọ̀kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ìyá aláta kò bá dá àjọ fún ọjọ́ mẹ́ta, alájọ tó mọṣẹ́ kò ní dúró di ìparí oṣù kó tó béèrè pé ṣé kò sí o. Káàdì ló ta á lólobó, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn dé ìsọ̀ ìyá náà. Káàdì tó péye, àti ẹni tí yóò dìde lọ béèrè: ohun méjèèjì yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà dá lé.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Atlanta

Fásitì Georgia State wà ní ìlú Atlanta, ní ìpínlẹ̀ Georgia lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Kì í ṣe ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ olówó. Púpọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ló jẹ́ aláwọ̀ dúdú àti ọmọ mẹ̀kúnnù, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí yóò wọ fásitì nínú ẹbí wọn. Ní ọdún 2003, nínú ọgọ́rùn-ún akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wọlé síbẹ̀, 32 péré ló ń gboyè jáde láàárín ọdún mẹ́fà.

Ní ọdún 2008, wọ́n gbé iṣẹ́ àtúnṣe náà lé Timothy Renick lọ́wọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ẹ̀sìn ni, kì í ṣe oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Nígbà tó di ọdún 2009, Mark Becker, ẹni tó kọ́ ìmọ̀ ìṣirò nípa àkọsílẹ̀, di ààrẹ fásitì náà. Wọ́n kó máàkì ọdún mẹ́wàá jọ, èyí tó lé ní mílíọ̀nù méjì, wọ́n sì wá inú rẹ̀ láti mọ ohun tó máa ń kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ sí akẹ́kọ̀ọ́ kó tó já kulẹ̀. Àmì tí wọ́n rí lé ní 800. Bí àpẹẹrẹ, wọ́n rí i pé máàkì iṣẹ́ ìṣirò tí àwọn tó fẹ́ di nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ ṣe máa ń sọ bí ọ̀nà wọn yóò ṣe rí. Ẹni tó bá rá pálá nínú rẹ̀ kì í sábà parí. Kó tó di pé wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣe ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ á máa bá a lọ fún ọdún méjì mẹ́ta, tí yóò máa sanwó, kó tó wá hàn pé kò lè dé ibi tó ń lọ.

Ní ọdún 2012, wọ́n gbé ètò náà jáde. Ojoojúmọ́ ni kọ̀ǹpútà ń yẹ àkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan wò. Bí ó bá rí ọ̀kan nínú àwọn àmì náà, á fi tó agbaninímọ̀ràn létí, onítọ̀hún á sì ránṣẹ́ pe akẹ́kọ̀ọ́ náà. Àwọn àgbà ló ní igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Ẹ jẹ́ kí a wo ti owó náà. Àkọsílẹ̀ fi hàn pé ní sáà ìkẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan, àwọn tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ni wọ́n ń yọ orúkọ wọn nítorí owó tí wọn kò san tán. Nínú wọn ni àwọn tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, tí máàkì wọn dára, tí ohun tí wọ́n jẹ kò sì tó nǹkan. Láti ọdún 2011, fásitì náà bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó kékeré sí àpò irú àwọn bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n kọ̀wé béèrè, ìpíndọ́gba rẹ̀ kò sì tó ẹgbẹ̀rún kan dọ́là. Fásitì náà kò pàdánù nínú rẹ̀, nítorí ọmọ tó dúró yóò san owó sáà tó kàn. Ọmọ tó lọ kò ní san nǹkan kan.

Nígbà tó fi máa di ọdún 2014, 32 náà ti di 54. Èyí tó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu jù ni pé àwọn aláwọ̀ dúdú àti ọmọ mẹ̀kúnnù ń gboyè jáde bí àwọn yòókù ṣe ń gbà á, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀rọ nìkan kò tó

Ẹni tó bá gbọ́ ìtàn yìí lè rò pé kí fásitì kàn lọ ra ẹ̀rọ náà ló kù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Georgia State ń gbé ètò rẹ̀ jáde, agbaninímọ̀ràn tuntun 42 ni wọ́n gbà síṣẹ́, kí ẹnì kan lè máa bójú tó nǹkan bí 300 akẹ́kọ̀ọ́. Ká ní wọn kò gbà wọ́n ni, ẹ̀rọ náà ìbá máa pariwo, kò sì ní sí ẹni tí yóò dá a lóhùn.

Ohun kejì ni pé kí gbogbo ọ́fíìsì fohùn ṣọ̀kan lórí ohun tí wọ́n ń kà. Ta ni à ń pè ní akẹ́kọ̀ọ́? Ṣé ẹni tó sanwó ni, àbí ẹni tó forúkọ sílẹ̀ fún iṣẹ́, àbí ẹni tó jókòó ní kíláàsì? Bí akápò bá ń ka ọ̀kan, tí akọ̀wé àgbà ń ka òmíràn, gíwá yóò gbọ́ iye méjì lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kò sì ní gba èyíkéyìí gbọ́. Ìdí nìyí tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi dá àjọ HESA sílẹ̀ lọ́dún 1993, kí gbogbo fásitì lè máa fi àkọsílẹ̀ wọn ránṣẹ́ ní ìlànà kan náà.

Ìkẹta ni kí iṣẹ́ náà má kú mọ́ ẹnì kan lọ́wọ́. Becker fi ipò ààrẹ sílẹ̀ lọ́dún 2021, ṣùgbọ́n ètò náà kò bá a lọ, nítorí wọ́n ti sọ ọ́ di iṣẹ́ tó ní ọ́fíìsì tirẹ̀, owó tirẹ̀ àti òṣìṣẹ́ tirẹ̀. Bó bá jẹ́ pé orí ọmọ kan tó mọ kọ̀ǹpútà nìkan ni gbogbo rẹ̀ wà, ọjọ́ tí ọmọ náà bá ríṣẹ́ síbòmíràn ni iná yóò kú.

Àkọsílẹ̀ náà lè lé ọmọ jáde

Kí a má parọ́, ohun tí a fi ń ṣọ́ ọmọ náà ni a lè fi lé e. Ní January ọdún 2016, àṣírí tú ní Fásitì Mount St. Mary's ní ìpínlẹ̀ Maryland, pé ààrẹ ibẹ̀, Simon Newman, fẹ́ fi ìdáhùn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun bá kọ sínú ìwé ìbéèrè kan mọ àwọn tó ṣeé ṣe kí wọ́n má parí, kí wọ́n lè ní kí wọ́n máa lọ kó tó di ọjọ́ tí fásitì máa ń ka iye akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ fún ìjọba. Lọ́nà yẹn, ìṣirò fásitì náà yóò dára lójú aráyé. Ìwé ìròyìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló tú u síta. Ní ìparí oṣù February ọdún náà, Newman kọ̀wé fipò sílẹ̀.

Lọ́dún 2021 ẹ̀wẹ̀, ilé-iṣẹ́ ìròyìn The Markup gbé e jáde pé àwọn fásitì kan ní Amẹ́ríkà ń lo ẹ̀rọ tó ń ka àwọ̀ ara mọ́ ohun tó lè mú kí ọmọ já kulẹ̀. Ọmọ tí kò tíì ṣe nǹkan kan, wọ́n ti kọ ewu sí i lórí. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ máa ka àkọsílẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ gbọ́dọ̀ sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Orílẹ̀-èdè wa náà ti ní òfin tó dáàbò bo àkọsílẹ̀ ẹni láti ọdún 2023.

Ó kàn wá nílé

Kò yẹ kí a rò pé ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà nìkan nìyí. Ní ọjọ́ 3 oṣù April ọdún 2024, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lu òfin ẹ̀yáwó àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àjọ NELFUND sì ṣí ojú ewé ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù May. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ dá lóhùn. Nígbà tó kan àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ìpínlẹ̀, àjọ náà ní kí wọ́n ṣì dúró, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì fi àkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wọn ránṣẹ́. Owó wà nílẹ̀, ọmọ tó nílò rẹ̀ wà nílẹ̀, àmọ́ ìwé tó yẹ kó so wọ́n pọ̀ ni kò tíì dé.

Nítorí náà, kí ẹ̀yin òbí má kàn sanwó kí ẹ sì dákẹ́. Bí ọmọ yín bá wà ní fásitì, ẹ bi í léèrè orúkọ olùkọ́ tó wà fún ìmọ̀ràn ní ìpele tó wà, kí ẹ sì béèrè bóyá ó ti fojú rí i rí. Ẹ béèrè bóyá orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà JAMB rẹ̀ bá ohun tó wà nínú ìwé fásitì mu, nítorí àṣìṣe kékeré níbẹ̀ lè dí ẹ̀yáwó àti iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ lọ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ sì wà nínú ìgbìmọ̀ fásitì tàbí ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde, kí ẹ tó fọwọ́ sí owó kọ̀ǹpútà tuntun, ẹ béèrè ẹni tí yóò máa lọ pe ọmọ náà wá nígbà tí ẹ̀rọ bá sọ̀rọ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.