Àdúgbò tí kò sí nínú àwòrán ìlú

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a bi yín ní ìbéèrè kan. Bí àlejò bá wọ àdúgbò yín lónìí, tí ó ní kí ẹ júwe ọ̀nà kànga, ọ̀nà ilé ìwòsàn àti ọ̀nà ọjà fún òun, ṣé ẹ lè júwe wọn? Ẹ lè júwe wọn dáadáa. Ẹ mọ ibi tí omi máa ń dúró sí nígbà òjò. Ẹ mọ ọ̀nà tí obìnrin kì í dá gbà lálẹ́. Gbogbo rẹ̀ wà nínú orí yín.

Ó dáa. Ẹ wá jẹ́ kí a sọ pé mẹ́ẹ̀rì ìlú jókòó nínú ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ní owó láti gbẹ́ kànga márùn-ún. Báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé àdúgbò yín kò ní omi? Kò lè wo inú orí yín. Ìwé ni yóò wò. Bí àdúgbò yín kò bá sí nínú ìwé, kànga máràrùn-ún á lọ sí ibòmíràn. Ẹni tí a kò kà mọ́ ará ilé, wọn kì í bu oúnjẹ sílẹ̀ dè é.

Ọ̀rọ̀ yìí ni ẹ̀kọ́ wa dá lé lórí: bí àwọn ará ìlú ṣe ń kó ìmọ̀ tí ó wà nínú orí wọn sínú ìwé àti sínú ẹ̀rọ, kí ìlú lè dára fún tolówó tòtòṣì.

Kí ni àwòrán ìlú?

Àwòrán ìlú ni ohun tí àwọn tó gbọ́ Faransé ń pè ní carte. Ó dà bí ohun tí àwòdì ń rí nígbà tí ó bá ń fò lókè. Ọ̀nà á dà bí okùn, ilé á dà bí páálí ìṣáná, odò á dà bí ejò.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwòdì ni ó ń yà á, èèyàn ni. Ohun tí ẹni náà bá kà sí ni yóò fi sínú rẹ̀. Ohun tí kò bá kà sí, yóò fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo.

Ẹ ti rí ìyá alájọ rí, àbí? Ó ní ìwé kan. Ó ń sàmì sí i bí olúkúlùkù ṣe ń san owó. Ó ń pa ìwé náà mọ́. Bí ìjà bá dé, ìwé náà ni gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ á wò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìmọ̀ ìlú ṣe yẹ kí ó rí. A ó kó o jọ, a ó tò ó, a ó pa á mọ́, a ó sì máa tún un ṣe bí nǹkan ṣe ń yí padà. Kọ̀ǹpútà àti fóònù kàn ń mú kí iṣẹ́ náà yá ni.

Dókítà tí ó ń bèèrè láti ilé dé ilé

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1854, àìsàn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní àdúgbò Soho ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, ó pa èèyàn tí ó lé ní 500. Nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ dókítà gbà pé afẹ́fẹ́ tí ó ń rùn ni ó ń fa àìsàn náà.

Dókítà kan tí ń jẹ́ John Snow kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó lọ láti ilé dé ilé. Ó ń bèèrè pé: «Ta ni ó kú níhìn-ín? Níbo ni ẹ ti ń pọn omi?» Ó rí i pé ọ̀pọ̀ àwọn tí ó kú ń gbé nítòsí ẹ̀rọ omi kan tí ó wà ní òpópónà Broad Street. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ọtí tí ó wà nítòsí ibẹ̀ kò kú, nítorí ọtí ni wọ́n ń mu, wọn kì í mu omi náà.

Snow lọ bá àwọn alákòóso àdúgbò. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1854, wọ́n yọ ọwọ́ ẹ̀rọ omi náà kí ẹnikẹ́ni má baà lè fà á mọ́. Lẹ́yìn náà ni ó ya àwòrán àdúgbò náà, ó fi àmì sí ilé kọ̀ọ̀kan tí èèyàn ti kú. Ẹnikẹ́ni tí ó bá wo àwòrán náà á rí i pé àwọn àmì náà ṣù mọ́ ẹ̀rọ omi yìí. Kò sí kọ̀ǹpútà nígbà yẹn. Ẹsẹ̀, ẹnu àti ìwé ni ó fi ṣe é.

Kibera: èèyàn pọ̀, àwòrán ṣófo

Ẹ jẹ́ kí a wá sí ilẹ̀ Áfíríkà. Ní ìlú Nairobi, olú ìlú Kẹ́ńyà, àdúgbò kan wà tí ń jẹ́ Kibera. Àwọn tálákà pọ̀ níbẹ̀. Ilé páànù ni ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀, ọ̀nà tóóró ni ó sì wà láàárín wọn. Síbẹ̀, ilé ìwé wà níbẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí wà, ọjà wà, ibi ìtajà oògùn wà. Ṣùgbọ́n títí di ọdún 2009, bí ẹ bá wo àwòrán Nairobi, ibi tí Kibera wà ṣófo ni. Bíi pé kò sí ẹnìkan níbẹ̀.

Iye èèyàn ibẹ̀ pàápàá di àríyànjiyàn. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ pé mílíọ̀nù kan ni wọ́n. Nígbà tí ìjọba ka àwọn èèyàn ní ọdún 2009, 170 070 ni wọ́n rí. Ẹ wo bí ìyàtọ̀ náà ti pọ̀ tó! Bí a bá fẹ́ kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fún wọn, èwo nínú iye méjèèjì ni a ó fi ṣe ìṣirò?

Ní òpin ọdún 2009 yẹn, àwọn ọ̀dọ́ 13 tí wọ́n ń gbé ní Kibera bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tí wọ́n pè ní Map Kibera. Àwọn méjì kan, Erica Hagen àti Mikel Maron, ni ó kọ́ wọn. Wọ́n fún àwọn ọ̀dọ́ náà ní ẹ̀rọ kékeré tí a ń pè ní GPS. Wọ́n rin gbogbo ọ̀nà tóóró. Bí wọ́n bá dé ibi tí a ti ń ta omi, wọ́n á sàmì sí i. Bí wọ́n bá dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ilé ìwé tàbí ibi ìtọ́jú aláìsàn, wọ́n á sàmì sí i.

Lẹ́yìn náà wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sínú OpenStreetMap. Àwòrán gbogbo ayé ni èyí, a dá a sílẹ̀ ní ọdún 2004. Ẹnikẹ́ni ló lè fi kún un, ẹnikẹ́ni ló lè lò ó, kò sì sí ẹni tí í san owó. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ibi tí ó ṣófo kún fún ọ̀nà àti orúkọ. Wọ́n tún tẹ àwòrán náà sórí bébà fún àwọn tí kò ní kọ̀ǹpútà.

Báwo ni ẹ̀rọ náà ṣe ń mọ ibi tí èèyàn wà?

Ẹnì kan á ní: «Àwo, ẹ̀rọ yìí ní oògùn nínú ni?» Rárá o. Ẹ fojú inú wò ó pé ẹ ṣìnà nínú igbó lóru. Ẹ ń gbọ́ ìlù láti abúlé mẹ́ta. Ìlù kan ń dún nítòsí, èkejì jìnnà díẹ̀, ẹ̀kẹta jìnnà gan-an. Bí ẹ bá mọ ibi tí abúlé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà, ẹ ó mọ ibi tí ẹ̀yin fúnra yín wà.

Bẹ́ẹ̀ ni GPS ṣe ń ṣe. Dípò ìlù, àwọn sátẹ́láìtì ni ó ń yí ayé po lókè, ó tó nǹkan bí 20 000 kìlómítà sí ilẹ̀. Wọ́n ń ránṣẹ́ wá sísàlẹ̀ nígbà gbogbo. Ẹ̀rọ náà ń tẹ́tí sí mẹ́rin nínú wọn, ó kéré tán. Ó ń wo bí ìránṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ti pẹ́ tó lójú ọ̀nà, ó sì ń fi ìyẹn ṣírò ibi tí ó wà. Lónìí, ẹ̀rọ yìí wà nínú ọ̀pọ̀ fóònù tí àwọn ọmọ wa ń mú káàkiri.

Ọ̀nà ọkọ̀ àti ọ̀nà omi

Ní Nairobi kan náà, ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní matatu ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń wọ̀. Àwọn awakọ̀ mọ ọ̀nà wọn, ṣùgbọ́n kò sí ìwé kan tí ó kó gbogbo ọ̀nà náà jọ. Láti ọdún 2012, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Nairobi, pẹ̀lú àwọn olùwádìí láti Amẹ́ríkà, ń wọ matatu káàkiri pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Wọ́n ń sàmì sí gbogbo ibi tí ọkọ̀ ti ń dúró. Ní ọdún 2014 wọ́n gbé àwòrán náà jáde, ọ̀nà tí ó wà nínú rẹ̀ lé ní 130. Nígbà náà ni gbogbo ènìyàn wá fojú rí i pé ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ọ̀nà náà ń gba àárín ìlú kọjá. Ìdí nìyẹn tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ fi pọ̀ níbẹ̀.

Ní Dar es Salaam, ní ilẹ̀ Tànsáníà, omi òjò ni ìṣòro wọn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2011, àgbàrá pa èèyàn níbẹ̀, ó sì ba ilé jẹ́. Ní ọdún 2015, iṣẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n pè ní Ramani Huria. Ní èdè Swahili, ìtumọ̀ rẹ̀ ni àwòrán tí ó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn ará àdúgbò ni ó ṣe é. Wọ́n sàmì sí ilé, ọ̀nà àti kòtò àgbàrá. Wọ́n sì bi àwọn onílé pé: «Níbo ni omi dé lára ògiri yín?» Ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì. Ẹ̀rọ tí ó wà lókè lè rí òrùlé, ṣùgbọ́n kò lè rántí òjò ọdún tí ó kọjá. Ìyá àgbà tí ó ń gbé nínú ilé náà ni ó rántí.

Ohun tí ó yẹ kí a ṣọ́ra fún

Ẹ má ṣe rò pé àwòrán nìkan tó. Àwòrán kò gbẹ́ kànga rí. Kibera wọ inú àwòrán ní ọdún 2009, síbẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 2018, wọ́n wó ilé ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn níbẹ̀ nítorí ọ̀nà tuntun. Ẹni tí ó bá mọ ibi tí ẹ wà lè mú omi wá, ó sì lè mú ẹ̀rọ ìwólé wá. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹlòmíràn nìkan di ìwé náà mú. Kí àdúgbò ní tirẹ̀ lọ́wọ́, kí wọ́n sì ní ẹni tí ó lè kà á. Ọ̀kan nínú àǹfààní ìwé kíkà nìyẹn.

Ẹ má ṣe kọ orúkọ onílé, àìsàn rẹ̀ tàbí owó rẹ̀ sínú ìwé tí gbogbo ayé lè rí. Ibi tí kànga wà jẹ́ ọ̀rọ̀ gbogbo ìlú, ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nínú yàrá jẹ́ ti onílé.

Ẹ sì kíyè sí ẹni tí ẹ pè síbi iṣẹ́ náà. Bí ọkùnrin nìkan bá ya àwòrán, wọ́n lè gbàgbé ibi tí àwọn obìnrin ti ń tò sórí ìlà láti òru nítorí omi. Bí ẹ kò bá pe arọ, ẹ kò ní mọ̀ pé àtẹ̀gùn ilé ìwòsàn ga jù fún un. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ohun tí ẹ lè ṣe

Bí ẹ bá wà ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Àjàṣẹ́ tàbí níbòmíràn, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láìsí kọ̀ǹpútà.

1. Ẹ pe àgbà, ọ̀dọ́, obìnrin àti ọkùnrin jọ. Ẹ sọ fún olórí àdúgbò.

2. Ẹ fi igi ya àdúgbò yín sórí ilẹ̀. Ẹ fi òkúta ṣe àmì kànga, kí ẹ fi ewé ṣe àmì ilé ìwé, kí ẹ fi eérú ṣe àmì ibi tí omi ń dúró sí.

3. Ẹ rìn yí àdúgbò ká láti wò ó bóyá ẹ kò gbàgbé nǹkan kan. Ẹ ka kànga. Mélòó ni ó ní omi ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn?

4. Ẹ dà á kọ sórí bébà. Ẹ kọ ọjọ́, oṣù àti ọdún sí i.

5. Ẹ ṣe é ní méjì. Ẹ mú ọ̀kan lọ sọ́dọ̀ mẹ́ẹ̀rì, kí ẹ pa ọ̀kan mọ́. Bí ọdún bá yí po, ẹ tún un ṣe.

Bí ọmọ yín bá ní fóònù tí ó ní GPS, ó lè fi àwọn àmì náà sínú OpenStreetMap. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni kí ẹ júwe fún un. Fóònù kò mọ orúkọ tí àwọn bàbá yín sọ odò.

Ìbéèrè

1. Kí ni Dókítà Snow bèèrè láti ilé dé ilé?
2. Kí ló dé tí àwòrán tí ó ṣófo fi lè pa àwọn ará Kibera lára?
3. Kí ni ìyá àgbà mọ̀ tí sátẹ́láìtì kò mọ̀?
4. Nínú àdúgbò yín, ta ni wọ́n máa ń gbàgbé láti pè sí ìpàdé? Ẹ sọ ọ́ láàárín ara yín.