Ìkànnì Ìfikùnlukùn fún Àwọn Aṣèwádìí: Ìdàgbàsókè Rẹ̀ àti Ipò Èdè Yorùbá Nínú Rẹ̀

Ìfáàrà

Àgbájọ ọwọ́ ni Yorùbá fi ń sọ̀yà. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Òwe yìí bá iṣẹ́ ìwádìí mu rẹ́gí, nítorí kò sí aṣèwádìí tó lè dá mọ gbogbo ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe. Ọ̀rọ̀ náà hàn kedere ní agbègbè Mòwé, Ìbàfò àti Ìfọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ní Mòwé ni Yunifásítì Redeemer's ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2005 kí ó tó kó lọ sí Ẹdẹ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Yunifásítì Mountain Top wà ní ẹ̀bá Ìbàfò, Yunifásítì Christopher sì wà ní Mòwé. Síbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gba oríkì orílẹ̀ sílẹ̀ ní Ìfọ̀ lè má mọ̀ pé ẹlòmíràn ti gba irú rẹ̀ sílẹ̀ ní Mòwé, bí ẹ̀dà kan ṣoṣo tí iṣẹ́ náà ní bá wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, tí eruku àti ikán ń bá a fà á.

Ìkànnì ìfikùnlukùn orí ẹ̀rọ ayélujára ni ọ̀nà kan tí àwọn onímọ̀ fi ń yanjú ìṣòro yìí. Àpilẹ̀kọ yìí ṣe àlàyé bí irú ìkànnì bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ àti bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe. Kókó tó dì mú ni pé bí ìkànnì kò bá mọ àmì ohùn àti orúkọ Yorùbá bó ṣe yẹ, iṣẹ́ tí aṣèwádìí gbé sí i yóò sọnù ní gbangba, níbi tí gbogbo ayé ti ń wò ó.

Ohun tí irú ìkànnì bẹ́ẹ̀ jẹ́

Méjì nínú èyí tó lókìkí jù ni ResearchGate àti Academia.edu. Ọdún 2008 ni àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀. Ijad Madisch, tó jẹ́ oníṣègùn àti aṣèwádìí nípa kòkòrò àrùn, ni ó dá ResearchGate sílẹ̀ pẹ̀lú Sören Hofmayer àti Horst Fickenscher. Berlin ní Jámánì ni olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà. Richard Price, tó kẹ́kọ̀ọ́ gboyè ní Oxford, ni ó dá Academia.edu sílẹ̀ ní tirẹ̀.

Òpó mẹ́rin ni ó gbé irú ìkànnì bẹ́ẹ̀ ró. Èkíní ni ojú-ìwé ìdánimọ̀, níbi tí aṣèwádìí ti ń kọ orúkọ rẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ àti ẹ̀ka ìmọ̀ tó yàn láàyò. Èkejì ni àká, níbi tí iṣẹ́ rẹ̀ wà fún àwọn tó bá fẹ́ kà á. Ẹ̀kẹta ni ìtẹ̀lé: ẹni tó bá tẹ̀lé onímọ̀ kan yóò máa gbọ́ nígbà tí onímọ̀ náà bá gbé iṣẹ́ tuntun jáde. Ẹ̀kẹrin ni ìṣàwárí, èyí tó ń so ẹni tó ń wá ìmọ̀ pọ̀ mọ́ ẹni tó ní in. Bí òpó kẹrin yìí bá yẹ̀, àwọn mẹ́ta ìyókù kò lè dá ilé náà dúró.

Ẹ̀kọ́ inú àtúnṣe tó ti wáyé

Ìkànnì kì í gún régé lọ́jọ́ kan. Ní 2012, ResearchGate bẹ̀rẹ̀ sí í fún aṣèwádìí kọ̀ọ̀kan ní máàkì tí wọ́n ń pè ní RG Score. Àwọn onímọ̀ ṣe lámèyítọ́ rẹ̀ pé ọ̀nà tí wọ́n gbà ń ṣírò rẹ̀ kò hàn síta, àti pé kò tọ́ kí a fi òǹkà kan ṣoṣo wọn ọmọlúàbí onímọ̀. Ní 2022, ilé-iṣẹ́ náà mú máàkì yìí kúrò. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ìwọ̀n tí oníbàárà kò lè yẹ̀ wò kì í mú ọjà tà pẹ́.

Ẹ̀kọ́ kejì jẹ mọ́ ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́ tí wọ́n ti tẹ̀ jáde. Ní 2017, Elsevier àti Ẹgbẹ́ Onímọ̀ Kẹ́míkà ti Amẹ́ríkà pe ResearchGate lẹ́jọ́ ní Jámánì nítorí àwọn àpilẹ̀kọ tí àwọn òǹkọ̀wé fúnra wọn gbé sórí ìkànnì náà. Ní 2023 ni wọ́n tó parí aáwọ̀ náà ní ìtùnbí-ìnùbí. Èyí fi hàn pé ẹni tó kọ iṣẹ́ lè ti fi ẹ̀tọ́ ìtànkálẹ̀ rẹ̀ fún atẹ̀wétà láìfura. Ó yẹ kí ìkànnì tó dára bi òǹkọ̀wé léèrè kí ó tó gba iṣẹ́ wọlé pé, ta ni ó ni ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀?

Ojú irin Ìfọ̀ àti àmì ohùn

Láyé àtijọ́, Ìfọ̀ ni oríta ojú irin: ibẹ̀ ni ẹ̀ka tó lọ sí Ìlaròó ti yà kúrò lára èyí tó ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta. Ìwọ̀n mílímítà 1,067 ni ó wà láàrin irin méjèèjì tí ọkọ̀ ń gbà. Ojú irin tuntun ti Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 2021, fẹ̀ tó mílímítà 1,435. Bí ọ̀nà méjèèjì tilẹ̀ jọ gba ilẹ̀ kan náà kọjá, ọkọ̀ ti ìkíní kò lè rìn lórí ìkejì.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni lẹ́tà Yorùbá rí nínú kọ̀ǹpútà. Unicode ni ìlànà tí kọ̀ǹpútà káàkiri àgbáyé fi ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ́ tàbí ọ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Àkànpọ̀ ni wọ́n. Ẹnì kan lè tẹ ẹ kí ó tó fi àmì ohùn lé e lórí. Ẹlòmíràn lè tẹ é kí ó tó fi àmì sí i nídìí. Ọ̀kan náà ni wọ́n lójú ènìyàn, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tí wọn kò bá kọ́ dáadáa yóò kà wọ́n sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó ń wá iṣẹ́ náà yóò wá a tì, bẹ́ẹ̀ ó wà níbẹ̀.

Bí ìkànnì bá sì pa gbogbo àmì rẹ́, ìtumọ̀ yóò dàrú. Ẹni tó bá tẹ "ogun" yóò rí iṣẹ́ nípa ogun tí wọ́n jà, ogún tí wọ́n jẹ, Ògún òrìṣà àti odò Ògùn nínú agbọ̀n kan náà.

Ti orúkọ tún nípọn. Ẹnì kan náà lè jẹ́ Ṣódípọ̀ nínú ìwé kan, Sodipo nínú èkejì, Shodipo nínú ẹ̀kẹta. Obìnrin tó ṣe ìwádìí kí ó tó lọ sílé ọkọ lè di ènìyàn méjì lójú ìkànnì. Nítorí irú ìṣòro yìí ni nọ́ńbà ìdánimọ̀ ORCID ṣe bẹ̀rẹ̀ ní 2012: àmì 16 tí aṣèwádìí ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́, tí kì í yí padà bí orúkọ tilẹ̀ yí.

Àwọn àtúnṣe tó yẹ

(i) Kí ìkànnì sọ gbogbo ọ̀nà tí wọ́n gbà tẹ lẹ́tà olóhùn di ọ̀kan ṣoṣo kí ó tó tọ́jú wọn.

(ii) Kí ìṣàwárí kọ́kọ́ gbé ohun tó bá àmì ohùn mu wá, kí ó tó wá gbé àwọn tó fara jọ ọ́ tẹ̀lé e.

(iii) Kí àyè wà fún àkọlé ní èdè Yorùbá, kí ìkànnì sì mọ̀ pé Yorùbá ni.

(iv) Kí ojú-ìwé rẹ̀ fúyẹ́, kí ẹni tó ń fi fóònù àti dátà díẹ̀ ṣiṣẹ́ níbi tí iná kò ti dúró lè lò ó.

(v) Kí àwọn akọ́mọlédè fúnra wọn gba nọ́ńbà ORCID, kí wọ́n máa kọ orúkọ wọn bákan náà nígbà gbogbo, kí wọ́n sì fi àmì sí iṣẹ́ wọn ní pípé. Onímọ̀ kọ̀ǹpútà kò lè tọ́jú àmì tí òǹkọ̀wé kò fi síbẹ̀.

Ìkádìí

Ó ti hàn pé ìfikùnlukùn kọjá kí a gbé iṣẹ́ sórí ẹ̀rọ ayélujára. Ó di dandan kí ẹni tó ń wá a lè rí i. Iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò rí kò ní tọ́ka sí. Èyí tí wọn kò tọ́ka sí kò sì ní ran ẹni tó ṣe é lọ́wọ́, kò ní gba ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lọ́wọ́ àṣetúnṣe. Àwọn tó ń kọ́ ìkànnì ní Berlin tàbí ní Amẹ́ríkà lè má mọ ìyàtọ̀ tó wà láàrin Ògún àti Ògùn. Ọmọ Yorùbá mọ̀ ọ́n, òun ni ó sì yẹ kí ó sọ fún wọn. Bí onígbá bá ṣe pe igbá rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bá a pè é.